Ọjọ́ Tí Òǹkàwé Pààrọ̀ Gílóòbù

Mítà ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "pì, pì, pì," Òǹkàwé sì mọ̀ pé iná kò ní í pẹ́ lọ. Ó sún ìwé rẹ̀ sábẹ́ gílóòbù àárín yàrá, ó ń sáré ka ìlà tó kù bí ẹni tí ajá ń lé. Òógùn ń ro tótó láti iwájú orí rẹ̀ sórí ìwé. Ooru gílóòbù náà ń bà á lágbárí bí ẹni pé wọ́n gbé ìkòkò gbígbóná kà á lórí. Kó tó kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, gbogbo ilé ṣókùnkùn.

"Ó ti tán?" Bàbá rẹ̀ ló béèrè láti orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ó ti tán, bàbá."

"Ìyá rẹ á tún rà á tó bá dé."

Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra iná sínú mítà náà ni, èyí tí aládùúgbò wọn á fi lo odidi oṣù kan láìmikàn. Òǹkàwé pa ìwé dé, ó sì gbé orí lé e nínú òkùnkùn.

Òǹkàwé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé bí wọ́n bá fi bébà di nǹkan jíjẹ fún un, á kọ́kọ́ ka bébà náà tán kó tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ ń pè é ní Òǹkàwé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ku oṣù méjì, dókítà ló sì fẹ́ dà.

Bàbá rẹ̀ náà ní ìnagijẹ tirẹ̀. Elétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù àtijọ́, irú èyí tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń pọ́n tí iná bá dé. Òun ló ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó kó wọn sí paálí. Á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú gílóòbù, á gbé e sún mọ́ etí, á wá mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Bí wáyà náà bá dún lọ́nà kan báyìí, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí kò bá dún, á jẹ́ kó kọjá. Wọ́n ra ẹ̀rọ kan wá nígbà kan láti máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì tó etí rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni LED dé, gílóòbù tuntun tí kì í gbóná, tí kì í sì í jẹ iná púpọ̀, àwọn ènìyàn kò ra tàtijọ́ mọ́. Ilé-iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó tún dín wọn kù, títí ó fi ku ènìyàn mẹ́rin péré lórí tábìlì Elétí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pátápátá kó wọn jọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní paálí gílóòbù kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Elétí ń gbé. Ìyá Òǹkàwé, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ LED nínú ilé, Elétí á dáhùn pé, "Iná tí kò gbóná, iná òkú ni. Ẹ jẹ́ kí n kú ná kí ẹ tó gbé e wọlé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ fíṣíìsì gbé gílóòbù méjì sórí tábìlì ní kíláàsì, ọ̀kan tàtijọ́, èkejì LED. Obìnrin kúkúrú kan ni olùkọ́ náà, kì í pariwo. Ó tan méjèèjì, ó sì gbé tẹmomítà tí wọ́n fi ń wọn ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

"Ìmọ́lẹ̀ wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ wo ooru. Ooru lásán ni tàtijọ́ yìí ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ṣe. Ó dà bí ẹni tó pọn odidi garawa omi, tó dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tó wá gbé ife kan délé. Ilé ta ni wọ́n ṣì ti ń lò ó?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Òǹkàwé tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ni wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá, nítorí pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Mà, ilé tiwọn ni!" Kíámọ́sá ké. "Bàbá ẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé ẹyin síbẹ̀, á pa kí ẹ tó ka ojú ewé méjì!"

Ẹ̀rín bú gbàmù. Olùkọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Òǹkàwé bá ti ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa béèrè pé, "Ìyá Adìyẹ, mélòó ló pa lánàá?" Àwọn tó máa ń wá kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò wá mọ́. Kíámọ́sá bẹ̀ ẹ́ títí pé ẹnu òun ló yọ̀, Òǹkàwé sì gbà, nítorí kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn. Àmọ́ inú tó bí i, kò bí i sí Kíámọ́sá. Ó bí i sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ náà, Òǹkàwé ló gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ̀bùn tí olùkọ́ fún un ni gílóòbù LED mẹ́fà nínú paálí pẹlẹbẹ kan. Ó gbé e délé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀.

Elétí gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó dá a padà. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Gbé e pamọ́. Tó o bá ní ilé tìrẹ, wàá lò ó."

"Bàbá, ìdánwò mi ń bọ̀ o! Ooru ò jẹ́ kí n ríran, iná ò sì dúró."

"Mo ní kó o gbé e pamọ́."

Òǹkàwé bọ́ sí ilé ìdáná, ó ń mí hẹ́lẹhẹ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ ń fún aṣọ inura lẹ́bàá fèrèsé. Ọwọ́ obìnrin náà ti funfun nítorí ọṣẹ.

"Fi bàbá rẹ sílẹ̀ díẹ̀," ìyá sọ jẹ́ẹ́. "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gílóòbù."

"Ọ̀rọ̀ kí wá ni, màámi?"

"Wọ́n ti lé e kúrò níbi iṣẹ́. Kò yẹ kí a tún lé e nínú ilé ara rẹ̀. Mò ń bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń rọ̀. Sùúrù ni."

Ṣùgbọ́n etí ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adìyẹ kò gba sùúrù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ní ìpàdé. Elétí wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gé irùngbọ̀n, ó jáde lọ́sàn-án. Ìyá ti lọ sí ẹnu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí bàbá jáde tí Kíámọ́sá fi dé.

"Ọjọ́ òní gan-an ni," Kíámọ́sá wí. "Pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá dé tó rí bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, kí ló máa sọ? Ọ̀rọ̀ á ti bù ṣe."

"Á bínú."

"Á bínú lónìí, á dúpẹ́ lọ́la. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa bá ẹ béèrè adìyẹ títí wàá fi jáde ìwé?"

Òǹkàwé gun àga. Ó pa súìṣì, ó fi aṣọ di gílóòbù yàrá mú, ó yí i títí ó fi tú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ: yàrá méjì, ilé ìdáná, balùwẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó tan wọ́n, ìmọ́lẹ̀ funfun kún ilé wáá. Ó gbé ọwọ́ sún mọ́ èyí tó wà lókè tábìlì ìwé rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má burú.

"Tó bá dé, ṣebí á tún kó tàtijọ́ padà?" Kíámọ́sá béèrè.

Òǹkàwé rò ó. Paálí tí bàbá rẹ̀ gbà lọ́jọ́ ìkẹyìn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kù díẹ̀ kó kún. Ó wọ́ ọ jáde. Ó kó mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lé e lórí. Àwọn méjèèjì gbé e lọ sẹ́yìn ilé, níbi ògiri tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí.

Kíámọ́sá ló kọ́kọ́ sọ ọ̀kan mọ́ ògiri. "Pàó!" Ó rẹ́rìn-ín. Òǹkàwé sọ èkejì. Ìró rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára lọ́nà tí kò retí. Ó sọ òmíràn nítorí ìwé tó ń kà nínú òkùnkùn, òmíràn nítorí àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín. Ó ń sọ wọ́n títí èémí rẹ̀ fi ń ga, tí gíláàsì fi tẹ́ ilẹ̀ bí iyọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ paálí, ó kan ọ̀kan tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé. Ó tú u. Wọ́n ti fi yíǹkì dúdú kọ nǹkan sára rẹ̀: orúkọ ènìyàn mẹ́rin, àti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kógbá sílé. Gílóòbù tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe kẹ́yìn pátápátá nìyẹn. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. Ó mọ orúkọ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú: ó bá bàbá rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú ọkùnrin náà lọ́dún tó kọjá.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Kí ló dé?" Kíámọ́sá bi í. "Àbí ẹ̀rù bàbá ẹ ti ń bà ẹ́?"

Òǹkàwé mọ̀ pé kò yẹ. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí Elétí dé. Kíámọ́sá ti lọ sílé tirẹ̀. Òǹkàwé gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń súfèé bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ohun tí kò gbọ́ láti ọdún kan ààbọ̀. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́, ó tẹ súìṣì, ó sì dúró gbagidi. Ó gbójú sókè. Ó wo gílóòbù, ó wo ògiri tí gbogbo ìlà ara rẹ̀ hàn gbangba, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ta ló pààrọ̀ ẹ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ máà bínú."

Ó yà á lẹ́nu pé Elétí kò bínú. Ẹ̀rín kékeré kan tiẹ̀ ń bọ̀ létí ẹnu rẹ̀. "O ò kàn lè dúró," ó ní, ó mi orí. Ó gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. "Ó dáa. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ tí ìyá rẹ bá dé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan."

Ó wọ yàrá lọ. Òǹkàwé gbọ́ tí ó tẹ̀ba, tí ó ń fọwọ́ wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Paálí mi dà?"

Òǹkàwé fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Òǹkàwé, mo ní paálí mi dà?"

"Ó wà... ó wà lẹ́yìn ilé. A ti fọ́ ọ."

Elétí jáde sí i. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. Ó dà bí ojú ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. "Èyí tí mo fi áńkáṣíìfù wé ńkọ́?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ti dáhùn nìyẹn.

Ọkùnrin náà kò nà án, kò sì bá a wí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó kúnlẹ̀ sídìí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá inú gíláàsì. Òǹkàwé tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ dìde. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín!" Elétí ń gbé àfọ́kù kọ̀ọ̀kan sójú, ó ń wá yíǹkì dúdú. Ó rí ọ̀kan tí ìdajì orúkọ wà lára rẹ̀. Ó dì í mú. Bó ṣe fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà gbára lé ilẹ̀.

Ìgbà tí ìyá fi máa dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Ó fi gèlè orí rẹ̀ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbá ọ̀rá orí tábìlì mú pé bóyá káàdì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé Elétí lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí dókítà ń rán ọwọ́ náà lọ́wọ́, ìyá tú ọ̀rá náà wò. Gílóòbù LED méjì ló wà níbẹ̀, àti ìwé pélébé kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó nà án sí Òǹkàwé láìsọ̀rọ̀.

Ìwé iṣẹ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń to gílóòbù LED pọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ mú, tí ìka rẹ̀ sì rọ̀, tí á máa yẹ iṣẹ́ wò. Wọ́n ní kí Elétí máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé e bọ̀ wálé," ìyá wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "O gbọ́ mi? Fúnra ẹ̀. Èmi tí mò ń fọ aṣọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé gílóòbù yẹn ń jẹ iná? Mo mọ̀. Mò ń rà á ni, títí ọkàn ẹ̀ á fi gbé ìbànújẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ku wákàtí díẹ̀, Òǹkàwé. Wákàtí díẹ̀ péré lo ò lè fi dúró."

Dókítà jáde. Ó ní àwọn ti rán ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n iṣan tó ń ká ìka ìfábẹ̀lá ti gé, kò sì dá òun lójú pé á tún ká mọ́.

Kò sì ká mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà dúró de Elétí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ gbìyànjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gílóòbù mẹ́rin jábọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó di ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó dúpẹ́, tó sì jáde. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí i.

Mítà ilé wọn kì í ké mọ́ kí oṣù tó parí. Yàrá tutù, ìmọ́lẹ̀ dúró, Òǹkàwé sì ka ìwé rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, kò sẹ́ni tó ní èsì tó dára tó tirẹ̀ ní kíláàsì wọn. Àwọn tó ń pè é ní Ìyá Adìyẹ wá kí i kú oríire. Kíámọ́sá kò wá. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ nípa ìka náà ni kò ti yà sí ilé wọn mọ́, bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á máa wo bàtà rẹ̀. Ẹni tó bá ni dá ọ̀ràn kì í sábà dúró bá ni jẹ ìyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde, Òǹkàwé kò lè jẹun. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Elétí ń gbìyànjú láti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìka tó le gbagidi náà ń yẹ̀ kúrò lára ihò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Ṣebí mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ náà."

"Ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Elétí wo ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ìka yìí ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe pé o gbé iná tuntun wọlé. Òótọ́ lo sọ, iná náà dára ju tèmi lọ; mo ti mọ̀ ọ́n kí ilé-iṣẹ́ wa tó kógbá. Ohun tó ń dùn mí ni pé o rí orúkọ wa lára rẹ̀. O kà á. Ìwọ Òǹkàwé, o kà á tán kó o tó sọ ọ́ mọ́ ògiri."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí ọmọ náà kọ́ nìyí, ó sì kọ́ ọ pẹ̀lú omijé: ohun tó tọ́ ní ọ̀nà tó tọ́ láti gbà ṣe é. Kéèyàn gba òtítọ́ mọ́ra kò ní kó fi tẹ ọlá òbí mọ́lẹ̀. Sùúrù wákàtí díẹ̀ tí a kọ̀ láti ní lè di àbámọ̀ ọjọ́ ayé. Ọ̀rẹ́ tó bá sì ń bi wá bóyá ẹ̀rù ń bà wá, kí a yáa jẹ́ kó mọ̀ pé ó ń bà wá.

Òǹkàwé na ọwọ́, ó gba bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Elétí jẹ́ kó gbà á. Ọmọ náà de ti òkè, ó de èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì ń dè é lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n fi tán.